Ṣé Ó Yẹ Kí Owó Ẹgbẹ́ Wa Máa Ra Àyè ní Yunifásítì?

  

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpín tàbí ti àwọn tó jẹ gbèsè ni mo fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, a sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí i yanjú. Alága ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé wa yìí, kí gbogbo yín lè rò ó wò kó tó di ọjọ́ ìpàdé gbogboogbò. Ohun tí mo kọ síbí, èrò tèmi ni o, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó dìde lọ́jọ́ ìpàdé, kó sọ tirẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó kan ló dé iwájú wa. ₦350,000 ni màmá tó mú un wá fẹ́ yá. Níbi tí a ti ń kọ ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe, "owó iléèwé ọmọ" ni wọ́n kọ sí i. Owó ìfipamọ́ màmá yìí tó, àwọn onídùúró méjèèjì tí wọ́n mú wá jẹ́ ẹni tí a lè fọkàn tán, àti pé láti ọdún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, màmá kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀ rí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìwé tí yunifásítì fi gba ọmọ náà wọlé wá, kí n fi mọ́ fọ́ọ̀mù." Màmá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, bí ìwé yẹn bá ti wà nílẹ̀, ṣé n ó máa yá owó? Ọkùnrin kan ló máa bá wa gbé e. Ó ní ẹni tó mọ̀ nínú ọ́fíìsì. Máàkì ọmọ kò tó, ṣùgbọ́n ó ní yóò tó."

Ọ̀rọ̀ di méjì nínú ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní ẹni tó bá yá owó tó sì ń dá a padà bó ṣe yẹ, kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ohun tó fi ṣe? Àwọn kan ní rárá o, owó gbogbo wa ni. Èmi sọ fún màmá pé fọ́ọ̀mù náà yóò dúró ná. Inú bí wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọmọ olówó ńkọ́? Ṣé máàkì làwọn náà fi ń wọlé ni? Ìgbà tó wá kan ọmọ aláta lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí òfin."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni? N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e lọ sílé, mo rò ó títí. Èsì mi nìyí.

Èkíní, òótọ́ ni màmá sọ. Ọmọ olówó ń gba ibi tí ọmọ tálákà kò lè gbà. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ tiwa nìkan. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà, nítorí pé lọ́hùn-ún, wọ́n tú àṣírí irú ọ̀rọ̀ yìí dé gbòǹgbò, ilé ẹjọ́ sì ti dá a. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ "wọ́n ní, wọ́n pé."

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde ní ìlú Boston pé àwọn ti fẹ̀sùn kan 50 ènìyàn. Òṣèré fíìmù wà nínú wọn, lọ́yà wà níbẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n fi owó ra àyè fún àwọn ọmọ ní àwọn yunifásítì tó lórúkọ jù. William Singer ni ọkùnrin tó ń bá wọn gbé e, California ló ń gbé. Láti ọdún 2011 títí dé 2018, owó tí àwọn òbí san fún un tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ọ̀nà tí àṣírí fi tú tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín: ẹnì kan tí wọ́n ń wádìí lórí màgòmágó owó mìíràn ló jẹ́wọ́ ti èyí mọ́ ọn, kí ìyà tirẹ̀ lè fúyẹ́.

Ọ̀nà méjì ni Singer ń gbà. Ọ̀nà kìíní ni ìdánwò. Àwọn náà ní ìdánwò ìwọlé bí a ṣe ní ti JAMB. Singer á fún alábòójútó ìdánwò ní rìbá, ọkùnrin kan tó mọ̀wé dáadáa á wọ bàálù wá, á bá ọmọ ṣe ìdánwò, tàbí kó dúró kí ọmọ ṣe é tán, kó wá jókòó ti ìwé ìdáhùn, kó máa tún un ṣe. Àwọn ọmọ mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bá àwọn tún nǹkan kan ṣe. Iye owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti $15,000, ó sì lè dé $75,000.

Ọ̀nà kejì ni eré ìdárayá. Àwọn yunifásítì wọn máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tó mọ eré ṣe, olùkọ́ eré ló sì ń mú orúkọ wọn wá. Singer á fún olùkọ́ náà lówó, ọmọ tí kò tukọ̀ rí láyé rẹ̀ á di atukọ̀ nínú ìwé. Òṣèré kan, Lori Loughlin, àti ọkọ rẹ̀ san $500,000 kí wọ́n lè gba ọmọbìnrin wọn méjèèjì sí Yunifásítì Gúúsù California bí ẹni pé atukọ̀ ni wọ́n. Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà gun ẹ̀rọ ìdárayá, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò, ó parí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Owó rìbá náà, ẹgbẹ́ àánú kan tí Singer dá sílẹ̀ ni wọ́n ń san án sí. Nínú ìwé, ọrẹ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ aláìní ni wọ́n ń pè é. Àwọn òbí mìíràn wá mú rìsíìtì ọrẹ yẹn, wọ́n fi dín owó-orí tí wọ́n yẹ kí wọ́n san fún ìjọba kù. Ẹ ò rí ayé? Wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ọmọ aláìní, wọ́n sì tún fi orúkọ rẹ̀ gba rìsíìtì.

Singer fúnra rẹ̀ máa ń ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà. Ti iwájú ni ti ọmọ tó fi ọpọlọ rẹ̀ wọlé. Ti ẹ̀yìn ni ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ ta yunifásítì lọ́rẹ owó gọbọi. Òun wá la ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, èyí tí owó tirẹ̀ kéré sí ti ẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i o: ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ilé ẹjọ́ tì. Ti ẹ̀yìn kò lòdì sófin. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni wọn ló tún ń ṣojúsàájú fún ọmọ ẹni tó bá ti kàwé níbẹ̀ rí. Ọdún 2024 ni ìpínlẹ̀ California tó ṣòfin pé kí àwọn yunifásítì aládàáni ibẹ̀ má wo ti òbí tó kàwé níbẹ̀ tàbí tó ta wọ́n lọ́rẹ mọ́.

Ìjìyà wọn ńkọ́? Òṣèré mìíràn, Felicity Huffman, tó san $15,000 kí wọ́n lè tún ìdáhùn ọmọ rẹ̀ ṣe, ọjọ́ 14 ni adájọ́ ní kó lọ lò lẹ́wọ̀n, pẹ̀lú ìtanràn $30,000. Lori Loughlin gba oṣù méjì, ọkọ rẹ̀ gba oṣù márùn-ún. Singer fúnra rẹ̀ gba ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ wá gbé èyí ti ìkan: ní ọdún 2011, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ìyá kan tí kò rí jájẹ fi àdírẹ́sì bàbá rẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí iléèwé ìjọba tó dára ju ti àdúgbò tó ń gbé lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní kó lọ lo ọjọ́ 10 lẹ́wọ̀n. Ẹni tó ní $15,000 láti fi ra màgòmágó, ọjọ́ 14. Ẹni tó lo àdírẹ́sì bàbá rẹ̀, ọjọ́ 10.

Nítorí náà, màmá, ẹ kò purọ́. Òfin máa ń le lára wa ju ara wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa ní ìbéèrè kan: nígbà tí wọ́n ra àwọn àyè yẹn, ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbà á?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ará ọjà mọ̀ ni. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ìsọ̀ 40, wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ wá ṣẹ́ gègé. Ẹ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ìsọ̀ 10 ti lọ, pé àwọn ènìyàn ọ̀gá ti gbà á sílẹ̀. Ta ni ìsọ̀ 10 yẹn bọ́ mọ́ lọ́wọ́? Ṣé olówó ni? Rárá o. Ìsọ̀ olówó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwa tó kù tí à ń ṣẹ́ gègé, àwa la ó máa jà lórí 30. Bí ìkan nínú wa bá tún sáré lọ fi owó ṣe ẹ̀yìn, kì í ṣe lára ti olówó ló ti máa yọ ọ́. Lára 30 tó kù ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti yunifásítì. Lọ́dọọdún báyìí, àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò JAMB ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, àyè kò sì kárí wọn rárá. Bí ₦350,000 màmá bá ra àyè kan, kì í ṣe ọmọ ọ̀gá báńkì ló máa pàdánù. Ọmọ ọ̀gá báńkì ti wọlé. Ẹni tó máa jókòó sílé ni ọmọ aláṣọ, ọmọ bíríkìlà, ọmọ alágbàfọ̀ tí máàkì tirẹ̀ pé. Ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí náà ni òbí rẹ̀. Owó tí òbí yẹn ń dá lóṣooṣù wà nínú ₦350,000 tí a fẹ́ yá yẹn. Ẹ ò rí i pé a ó ti fi owó rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀?

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí nìyẹn. Olówó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bí tálákà bá ń ṣe é, tálákà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jà lólè.

Ẹ wo ilé náà. Ní ọdún 1977, ìdánwò WAEC jò káàkiri Nàìjíríà débi pé títí di òní, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Ẹ̀kìspó '77. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbé òfin kan jáde, Òfin 20, pé ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ṣe màgòmágó ìdánwò lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ọdún mọ́kànlélógún! Ǹjẹ́ ó dáwọ́ dúró? Kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀wọ̀n nìkan kò lè lé ohun tí àwa òbí fúnra wa ń fi owó pè wálé.

Ti Kùtọnu kò tíì pẹ́ jù. Ní òpin ọdún 2023, Umar Audu, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian, kọ ọ́ síta bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìjókòó ní kíláàsì, tí ó sì fi ìwé náà wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti ilẹ̀ Benin àti Togo dúró. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé ẹ̀rí ní ilẹ̀ méjèèjì lé ní 22,000.

Ẹ rò ó wò ná. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n jókòó kàwé gidi ní Kùtọnu àti ní Lomé. Òmíràn lọ nítorí pé àwọn olùkọ́ yunifásítì wa dáṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, kò sì fẹ́ kí ọjọ́ orí òun lọ lásán. Ìyá wọn ta ọjà, wọ́n fi san owó iléèwé fún ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìwé wọn di ohun tí gbogbo ayé ń fojú ìfura wò. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ra tirẹ̀ ló kó bá ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kà á.

Ẹ tún wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti olówó bí nǹkan bá dàrú. Bí wọ́n bá lé ọmọ olówó ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ á fi í sí ọ́fíìsì ara rẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọmọ tiwa ní ọdún kejì, ẹ̀yáwó ń bẹ nílẹ̀, èlé ń gun orí rẹ̀, àwọn onídùúró kò sì lè sùn. Bí ọkùnrin tó ní òun mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bá gbé owó sá lọ ńkọ́? Ta lẹ fẹ́ lọ fi sùn? Ọlọ́pàá á kọ́kọ́ bi yín pé kí ni ẹ̀yin sanwó fún. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo dúró sórí òkè máa bá yín wí. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ń múra fún ìdánwò, ẹnì kan ládùúgbò sọ fún mi pé ibìkan wà tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ dáhùn, ₦60,000 péré. Mo ka owó náà, mo fi sínú àpòòwé, mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyàwó mi ló rí i. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Bàbá Ṣọlá, bó bá wọlé tán, ta ni yóò máa bá a ṣe ti ọdún kìíní?" N kò lè fèsì. Mo dá owó padà sí ibi tí mo ti mú un.

Ṣé ọmọ náà yege? Kò yege. Kò yege lọ́dún yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò rí yunifásítì tó wù ú gbà lọ́dún kejì. N kò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀san rere dé lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ọmọ ẹnì kan tí mo mọ̀ gba ibi tí tèmi kọ̀, ó sì wọlé. Pólì ni ọmọ mi ń lọ báyìí, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó bá ṣe níbẹ̀, òun ló ṣe é, bó bá sì sọ pé òun mọ wáyà ilé kan dì, mo lè sùn nínú ilé náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti ẹgbẹ́. Kí ni a fi ń jẹ́ alájẹṣẹ́kù? Láti ìgbà àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, ìlànà tí à ń tẹ̀ lé ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan. Ẹni tó ní mílíọ̀nù márùn-ún nínú ẹgbẹ́ àti ẹni tó ní ₦20,000, ìbò kọ̀ọ̀kan ni. A kọ̀ kí owó máa fọhùn ju ènìyàn lọ. Ẹgbẹ́ tó gba irú ìlànà yìí, báwo ló ṣe máa wá yọ owó láti fi ra àyè ẹlòmíràn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogboogbò.

Èkíní, ẹ̀yáwó owó iléèwé kò gbọdọ̀ wá láìsí ìwé ìgbaniwọlé àti ìwé tí iléèwé fi béèrè owó. Akápò á sì san án tààrà sí àpò iléèwé náà ní báńkì, kò ní gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Òfin yìí kan gbogbo wa, látorí alága títí dé ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá.

Èkejì, kí a dá ẹ̀yáwó kékeré kan sílẹ̀, tí èlé rẹ̀ kò ní tó ti ẹ̀yáwó ọjà, fún ẹ̀kọ́ àfikún tí àwọn ọmọ ń pè ní lẹ́sìn, fún owó ìwé, àti fún ọmọ tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe. A kò lè máa sọ fún òbí pé "má gba ẹ̀yìn" kí a má ràn án lọ́wọ́ láti gba iwájú.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yáwó yìí kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ tó ń lọ sí pólì bákan náà. Ara ohun tó ń sún wa dé ibi burúkú ni pé a ti gbà pé ọmọ tí kò bá lọ sí yunifásítì ti ṣòfò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní bí àwa kò bá ṣe é, àwọn mìíràn á ṣe é, ọmọ tiwa ni yóò sì jókòó sílé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó má fi owó ẹgbẹ́ ṣe é.

Fọ́ọ̀mù màmá ṣì wà nínú fáìlì mi. Mo lọ kí wọn nílé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n fún bí mo ṣe sọ̀rọ̀ lójú àwọn ènìyàn. Mo sì sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ fi owó náà rán ọmọ lọ síbi ẹ̀kọ́ àfikún, kó tún ìdánwò ṣe, èmi fúnra mi ni n ó bá wọn gbé fọ́ọ̀mù náà wọlé. Wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn kò tíì fún mi lésì.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ rò ó. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ má jókòó sí ìsọ̀ kí ẹ ní àwọn yòókù á bá yín dìbò. Ẹ wá fúnra yín.

Èmi ni akọ̀wé yín.